Ẹnu Àyálò Nínú Kàtúùnù

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe kàtúùnù ní Alajo, ní ìlú Accra, lè lo àkójọ àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀: orí, apá, ẹsẹ̀ àti ẹnu. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí. Ibi ẹnu ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú Adobe Character Animator, ẹnu 11 ni a pèsè fún ìró. Márùn-ún péré ni ti fáwẹ̀lì: Ah, Ee, Oh, Uh àti W-Oo. Bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 ni Yorùbá ní. 7 náà sì ni Ga, èdè àwọn onílẹ̀ Accra, ní. Ẹnu M, tó pa ètè dé, tó fún gb tí èdè méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ. Etí yóò gbọ́ ìyàtọ̀ “oko” àti “ọkọ”. Ojú lè má rí i. Ẹnu olùkọ́ sì ni ọmọ tó ń kọ́ èdè ń wò.

Àyálò kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kí ayàwòrán yá apá, kí ó yá ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹnu tí èdè rẹ̀ ń béèrè, bí iṣẹ́ tilẹ̀ pọ̀ sí i.