Afárá, sípóòkù àti ohùn Yorùbá: lórí gìtá oníná tí a fọwọ́ ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé ẹ̀rù gbólóhùn tó bá dùn létí jù máa ń bà mí. Ọ̀kan rèé: gìtá tí a bá fi igi ilẹ̀ wa gbẹ́, èdè wa ni yóò fọ̀. Atosin níbí, nílẹ̀ Ìdànrè, ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀dọ́ kan tó ń fi pákó afárá ṣe gìtá oníná lẹ́yìnkùlé ilé wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ká kọ́kọ́ fún igi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ afárá dáadáa, torí wọ́n máa ń dá a sí láàárín oko kó lè ṣíji bo kòkó. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá méjì jáde, Flying V àti Explorer. Korina ni wọ́n pe igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Afárá ni korina, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí oníṣòwò fún un ṣì yín lọ́nà. Ọjà náà ò tà nígbà yẹn. Lónìí, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ti ọdún náà nílé, olówó ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian May àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣe gìtá kan ní 1963. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀, igi yẹn náà sì ni wọ́n ṣì ń ròyìn títí dòní.

Ṣùgbọ́n gìtá oníná kì í ṣe àpótí. Okùn irin ló ń gbọ̀n lórí mágnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní nǹkan bí ìgbà 7,000 sí 8,000. Gbígbọ̀n irin yẹn ló ń dá iná kékeré sínú wáyà, iná yẹn ló ń lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ẹ fi okùn ọ̀rá sí i, mágnẹ́ẹ̀tì ò ní mọ̀ pé ẹ ta nǹkan kan. Ní nǹkan bí 1940, Les Paul ki okùn àti mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ ìtì igi kan gbọọrọ, ó sì dún. Ẹ̀gbẹ́ gìtá tó wá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, torí ojú àwọn òǹwòran ni. Igi lè yí ohùn padà díẹ̀, n ò jiyàn. Kò lè kọ́ ọ lédè.

Ọrùn ni èdè wà, níbi àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní fret. Bí okùn bá gùn ní mìlímítà 648, ẹ fi 17.817 pín in: fret àkọ́kọ́ yóò jókòó sí nǹkan bíi mìlímítà 36.4 sí òkè ọrùn. Ẹ tún fi 17.817 pín ohun tó kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ìkejìlá yóò fi bọ́ sí àárín gbùngbùn okùn. Ìṣirò tó mọ́ ni, àtẹ̀gùn ló sì fi ń ṣe: ẹsẹ̀ rẹ wà lórí ọ̀kan tàbí lórí òmíràn, kò sí àárín.

Ṣé àtẹ̀gùn yìí gba Yorùbá? Ẹ rántí ìdánwò wa ní kíláàsì: igbá, igba, ìgbà, igbà, ìgbá. Ẹ mú fret mẹ́ta fún dò, re, mí, gìtá yóò ya márààrún sọ́tọ̀. Títí débẹ̀, ọ̀dọ́ yìí ló jàre. Ẹ wá mú “náà” àti “wálẹ̀”. Onídùndún á fi kọ̀ǹgọ́ lu “náà” lẹ́ẹ̀kan, á fún ọsán mọ́ra, á tú u, ohùn á yọ̀ wálẹ̀. Tó bá di “wálẹ̀”, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa lù ú. Gìtá tó ní fret ńkọ́? Tó bá ta okùn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà. Tó bá ta á lẹ́ẹ̀kan tó fò láti fret kan sí èkejì, ohùn já, kò yọ̀. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ náà kì í fò gòkè, ó máa ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ pe “ìlú” kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ara yín.

Ẹnìkan á ní: àmọ́ a máa ń gbọ́ ohun tí gìtá jùjú ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni, torí òwe àti oríkì tá a ti mọ̀ ló ń wí. Ẹ ní kó sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ká wò ó.

Àwọn àgbà olórin mọ èyí, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ìwé lé e lórí. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ jùjú ní 1949, kò gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ gángan. Gángan ń sọ̀rọ̀, gìtá ń gbè é. Ibi tí mo ti rí làákàyè jù ni àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982. Gìtá tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta níbẹ̀, irin kan ló ń yọ̀ lórí okùn; ìlà tó wà lára ọrùn rẹ̀, torí ojú ni. Hawaii ni ìdílé gìtá yìí ti ṣẹ̀, kí àwọn olórin country Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di tiwọn. Ẹni tó bá ní ọ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́ nínú jùjú, kò fetí sí i dáadáa ni. Létí tèmi, ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń yọ̀ wálẹ̀, ọsán dùndún tí wọ́n tú ni. Paul Simon náà gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, torí Adépọ̀jù ló ta gìtá yìí nínú orin rẹ̀, Graceland, ní 1986.

Victor Uwaifo ti Ẹdó, tó kú ní 2021, sọ bí òun ṣe ṣe gìtá àkọ́kọ́ òun ní ọmọ ọdún 12: wáyà tàkúté ni okùn, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni fret, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdíìnì ló fi ń fa okùn le. Ìṣẹ́ ni àwọn èèyàn fi ń ṣe kókó ìtàn yìí: ẹ wo ohun tí ọmọ tí ò lówó ṣe! Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní sípóòkù lọ́wọ́, tí kò ra ọrùn gìtá ní ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí. Àǹfààní tó wà nínú kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan nìyẹn, òun gan-an la sì ń jù nù tá a bá gbé ìṣirò 17.817 lé pákó láìbéèrè ohun tá a fẹ́ kí gìtá náà wí.

Ohun tó rọrùn jù láti ṣe nílé náà ló sún mọ́ èdè wa jù: gìtá tí wọ́n ń gbé lé itan ta. Pákó afárá kan, okùn irin mẹ́fà, mágnẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn tó ń tún kọ́ìlì fáànù wé ní Àkúrẹ́ lè bá yín wé wáyà rẹ̀. Ẹ gbé okùn ga kúrò lára pákó, kí irin lè yọ̀ lórí wọn láìkanlẹ̀. Tó bá dún tán, ẹ gbé e lọ bá onígángan tó mọṣẹ́, ẹ fi gìtá sọ gbólóhùn kan tí kò sí nínú òwe kankan, kí ẹ ní kó tún un sọ lẹ́nu.