Ayé Yìnyín Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fojú Rí: Àyẹ̀wò Ìfihàn Àwọn Breen Nínú Ọ̀wọ́ Eré Star Trek

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀tàn gbà fi àwọn Breen hàn nínú Star Trek, ọ̀wọ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn Breen jẹ́ ẹ̀dá ayé mìíràn tí wọ́n máa ń bo ojú, tí èdè wọn kò yé òǹwòran, tí wọ́n sì sọ pé yìnyín ni ó bo ayé wọn. Kókó tí iṣẹ́ yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òtútù ayé Breen kì í ṣe ibùdó ìtàn gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aládùúgbò wọn ni. Iṣẹ́ náà fi hàn pé Deep Space Nine tú àgbọ́sọ yìí fó ní 1999, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ó tún fi hàn pé nígbà tí Discovery fún Breen kan ní ojú ní 2024, iye tí ojú náà náni pọ̀ jù.

Ìfáárà

Ní 1966 ni Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀tàn rẹ̀ ti ń dá oríṣiríṣi ẹ̀dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìbáṣepọ̀ wọn ṣe àwòjíìjí ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ayé tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá náà, bí Klingon àti Ferengi, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni òǹwòran ń mọ ilé wọn, oúnjẹ wọn, ìgbéyàwó wọn àti àwàdà wọn, títí tí wọ́n fi di ojúlùmọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn Breen. Nínú The Next Generation ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ wọn ní 1990, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá tí amọnú-ẹni kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn wọn. Èyí já sí pé láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wọn ni a ti fi ohun tí a kò mọ̀ nípa wọn ṣe ìdánimọ̀ wọn. Ọdún márùn-ún kọjá kí wọ́n tó fara hàn lójú eré, nínú Deep Space Nine, ọ̀wọ́ eré tí ó wáyé láàárín 1993 sí 1999. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí òǹwòran tí wọ́n kọ́ láti bẹ̀rù àwọn ènìyàn tí kò rí ojú wọn, tí kò gbọ́ ohùn wọn, tí kò sì dé ilé wọn rí?

Ayé Yìnyín Gẹ́gẹ́ Bí Àgbọ́sọ

Apá tí a pè ní "Indiscretion", tí wọ́n gbé jáde ní 1995, ni àwọn Breen ti kọ́kọ́ fara hàn. Kira Nerys, ọmọ Bajor, àti Gul Dukat, ará Cardassia, ń wá ọkọ̀ òfurufú kan tí ń jẹ́ Ravinok, tí ó ti sọnù láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n bá àwọn tí ó yè nínú rẹ̀ ní Dozaria, níbi tí àwọn Breen ti sọ wọ́n di ẹrú tí ń wa kùsà. Aṣálẹ̀ tí oòrùn ń pa ni Dozaria. Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Kira àti Dukat ni òǹwòran ti gbọ́ pé ayé tí àwọn Breen ti wá jẹ́ aṣálẹ̀ yìnyín, àti pé ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ amúǹkantutù ni aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí bí ìmọ̀ yìí ṣe dé etí òǹwòran. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ kò dé ayé Breen rí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi túmọ̀ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí gbe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyípo ni èyí: yìnyín ni ó fa aṣọ, aṣọ sì ni ẹ̀rí yìnyín. Kò sí ìran kankan nínú Deep Space Nine tí ó gbé òǹwòran lọ sí ayé náà kí ó lè já irọ́ tàbí kí ó gbà á ní òtítọ́.

Ní 1999 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Weyoun, aṣojú Dominion, tí òun àti àwọn Breen jọ ń ṣe àjọṣe, sọ ní gbólóhùn kan pé ayé wọn kò rí bí wọ́n ti ń sọ, pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ tura. Gbólóhùn kékeré ni, ó sì rọrùn kí ó kọjá lójú òǹwòran. Síbẹ̀, òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí eré náà sọ nípa Breen, nítorí ó sọ ìmọ̀ ọdún mẹ́rin di òfo. Bí ayé Breen bá tura, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń wọ aṣọ náà. Bí Weyoun bá sì purọ́, nítorí pé òpùrọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, a jẹ́ pé àgbọ́sọ méjì ni ó wà nílẹ̀ dípò ẹyọ kan.

Òtútù ní èdè àwọn òǹkọ̀tàn wọ̀nyí bá ìkà àti àìláàánú rìn. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wọn láti gbé ẹ̀dá tí wọ́n fẹ́ kí a bẹ̀rù sínú yìnyín. Òǹwòran tí ó gbọ́ Yorùbá lè rí i pé àṣà èdè ni èyí, kì í ṣe òfin ìṣẹ̀dá. Nínú Yorùbá, ìwà tútù ni ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ ń gbóná ni a ń sá fún, omi tútù ni a sì fi ń ṣe ìpẹ̀tù. Bí ó bá jẹ́ pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ ni ó darí eré yìí, oòrùn Dozaria ni ìbá máa dẹ́rù bani, kì í ṣe yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Aṣọ, Ojú àti Ohùn

Aṣọ tí ó bo ara látòkè délẹ̀ àti àṣíborí tí ó gùn níwájú ni àmì ìdánimọ̀ Breen. Ohùn wọn jẹ́ ariwo ẹ̀rọ tí ń dún wàràwàrà. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ó bá wọn dúnàádúrà lóye rẹ̀, wọ́n sì ń fèsì. Òǹwòran nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ìtumọ̀ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ọgbọ́n ìtàn ni èyí, ó sì múná dóko nítorí pé ó fi òǹwòran sí ipò àlejò tí ó jókòó sáàárín àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé fi èyí wé eégún, tí ń bo ojú tí ó sì ń yí ohùn padà. Ìjọra náà kò jìnnà. Aṣọ eégún bo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó polongo ìdílé: àwọn tí ó dúró wò ó mọ agbo ilé tí ó ti jáde, wọ́n sì lè ki í. Ẹnìkan ni ó fara pamọ́, ìran hàn gbangba. Ní ti Breen, ẹni àti ìran ni aṣọ náà bò mọ́lẹ̀ pọ̀. Òǹwòran kò ní oríkì kankan tí yóò fi pè wọ́n.

Yorùbá ní òwe kan tí ó bá ọ̀rọ̀ èdè yìí mu: àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Òwe náà dárúkọ èdè aládùúgbò, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, etí ẹni tí kò gbọ́ tán ni àléébù wà. Èdè Ègùn yé Ègùn. Bákan náà ni èdè Breen yé Breen. Eré náà dára níbi tí ó ti jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé àìgbọ́tán tirẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ káàtó níbi tí ó ti jẹ́ kí àìgbọ́tán náà di ẹ̀rí pé kò sí ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu wọn.

Ìwà Ọ̀tá

Orúkọ burúkú ti ṣáájú Breen dé ibi gbogbo. Nínú "By Inferno's Light", ní 1997, a gbọ́ òwe àwọn Romulan kan tí ó kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe kọ ẹ̀yìn sí Breen. Nínú apá yìí kan náà, ẹlẹ́wọ̀n Breen kan jókòó jẹ́ẹ́ nínú àgọ́ tí Dominion kó onírúurú ẹ̀dá sí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Breen yìí já ohun ìjà gbà, ó kọjú rẹ̀ sí àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì kú síbẹ̀. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ó kù láti sá àsálà. Òwe sọ ohun kan, ìṣe sọ òmíràn. Eré náà kò dúró láti ronú lórí ìyàtọ̀ yìí. Ó fi ẹ̀dá náà sílẹ̀ láìlórúkọ.

Bákan náà ni "Indiscretion". Ìwà tí ó burú jù nínú apá náà kọ́ ni ti àwọn Breen, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amúnisìn ni wọ́n. Dukat wá sí Dozaria pẹ̀lú èrò láti pa Ziyal, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, kí ipò rẹ̀ má ba à bàjẹ́. Ojú Dukat hàn, ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́, gbogbo èrò ọkàn rẹ̀ ni ó sì ń sọ jáde. Níkẹyìn, kò lè ṣe é, òǹwòran sì bá a kẹ́dùn. Ẹni tí a rí ojú rẹ̀ rí ìdáríjì gbà kí ó tó tọrọ rẹ̀. Àwọn tí a kò rí ojú wọn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ní 1999, àwọn Breen dara pọ̀ mọ́ Dominion nínú ogun. Nínú "The Changing Face of Evil", wọ́n kọlu ìlú San Francisco ní ayé tiwa yìí, wọ́n sì fi ohun ìjà tí ń fa agbára ọkọ̀ gbẹ pa Defiant, ọkọ̀ àwọn akọni ìtàn, run. A rí ohun tí wọ́n ṣe. A kò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àfi ilẹ̀ Cardassia tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ fún wọn. Níbi yìí ni eré náà ti kùnà. Ó ti tú àgbọ́sọ yìnyín fó, ṣùgbọ́n òfìfo ni ó fi sípò rẹ̀, inú òfìfo náà ni ó sì ju ogun sí.

L'ak àti Ojú Tí Ó Ṣí

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí Discovery tó gbé Breen wá síwájú. Nínú "Mirrors", ní 2024, a mọ̀ pé L'ak, tí òun àti Moll jọ ń sá kiri, jẹ́ Breen láti ìdílé ọba. Nígbà tí ó bọ́ àṣíborí fún Moll, a rí i pé ojú méjì ni Breen ní: ọ̀kan rọ̀, ó sì mọ́ gaara bí ògì dídì tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá, èkejì le, ó sì sún mọ́ ti ènìyàn. Ojú kejì ni L'ak yàn, èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́. Ìfẹ́ yìí ni ó lé e kúrò nílé, òun náà ni ó sì gbé e dé ikú nínú "Erigah".

Ìtàn náà kún fún ìyọ́nú, ó sì fi hàn pé àṣà, ìdílé àti ìtìjú wà lábẹ́ aṣọ. Ó tó kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n kí òǹwòran tó lè fẹ́ràn Breen kan, Breen náà ní láti bọ́ aṣọ, kí ó fi ilé sílẹ̀, kí ó sì gbé ojú tí ó jọ tiwa wọ̀. Àwọn tí wọ́n dúró nílé wọn ṣì jẹ́ ọ̀tá. Ẹ̀dá tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara kò rí ẹni gbà á bí ó ti rí.

Àwọn lámèyítọ́ kan lè sọ pé àṣírí ni adùn Breen, pé bí a bá tú u, adùn tán. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, nítorí ìtàn tí ó sọ ohun gbogbo kì í pẹ́ sú ni. Ṣùgbọ́n àṣírí yàtọ̀ sí ẹ̀sùn. Òǹkọ̀tàn lè pa ojú ẹ̀dá mọ́ láìfi ìkà kún ibi tí ó ṣófo. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó kú ní 1997 ni ẹ̀rí: a kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ a rí ìwà rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ayé yìnyín àwọn Breen kò sí níbì kan ju ẹnu àwọn aládùúgbò wọn lọ, àti pé aṣọ, ohùn àti òwe ni wọ́n fi gbé e ró. Deep Space Nine ní ìgboyà láti fi gbólóhùn kan ṣoṣo wó o lulẹ̀. Kò ní sùúrù láti kọ́ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Discovery kọ́lé, ṣùgbọ́n ilé ẹnìkan ṣoṣo ni.

Àǹfààní wà nínú irú eré yìí fún olùkọ́ lítíréṣọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ láti béèrè nípa Breen pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó dé ibẹ̀ rí?" yóò lè béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn ìlú tí ó wà lódìkejì odò fún un. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibi tí ojú kò bá sì dé, ó tọ́ kí ahọ́n rọra.