Àjàlá Onígbèsè àti Ọlọ́run Olójú Kìnnìún

Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀, orí àjà ni Àjàlá wà nígbà tí àlejò dé. Òun ni alámọ̀ tó ń mọ orí fún gbogbo ẹni tó ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó jẹ lówó sì jókòó tì í sílé, ló bá sá pamọ́. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè, méjì nínú àwọn àlejò náà, kò rí i. Wọ́n fọwọ́ ara wọn mú orí tó wù wọ́n, wọ́n sì ń lọ. Orí náà kò jiná. Òjò pa á lójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe láyé kò sì ju àtúnṣe rẹ̀ lọ. Àfùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ti rúbọ kó tó gbéra. Ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a ṣa orí tó dára.

Ó rọrùn láti fi ìtàn yìí ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn Gnostic, àwọn onígbàgbọ́ ìgbà láéláé ní Íjíbítì àti Róòmù tó gbà pé ìmọ̀ àṣírí ló ń gba ọkàn là. Ẹnu ọ̀tá wọn la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tipẹ́. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon, kọ ìwé márùn-ún ta kò wọ́n ní nǹkan bí ọdún 180. Ìgbà tó di 1945 ni ìwé 13 lédè Koptiki jáde nínú ìkòkò kan nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì. Ẹ̀dà mẹ́ta Ìwé Àṣírí Jòhánù wà nínú wọn, ibẹ̀ la sì ti rí ìtàn wọn kà délẹ̀. Ọgbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìmọ́lẹ̀, lóyún láìfi ti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe. Ejò olójú kìnnìún ló bí. Yaldabaoth lorúkọ ọmọ náà. Ó dá ayé wa yìí, ó sì ń fọ́nnu pé kò sí ọlọ́run mìíràn lẹ́yìn òun, nítorí kò mọ ibi tí òun ti wá. Áńgẹ́lì 365 ló pín ara Ádámù mọ, ìwé náà sì ń dárúkọ wọn lọ títí ọ̀rọ̀ fi sú ẹni tó ń kà á. Ara náà kò lè dìde. Àwọn ẹ̀dá ìmọ́lẹ̀ tan Yaldabaoth títí ó fi mí agbára ìyá rẹ̀ sínú ara náà. Agbára yẹn ló sọnù sínú àwa èèyàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kì í ṣe ará ibí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni aṣẹ̀dá ti kù-díẹ̀-káàtó, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì náà ni èèyàn ti gbàgbé ohun tó mọ̀ kó tó dé ayé. Ohùn tí wọ́n fi sọ ìtàn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín níwájú Yaldabaoth. Àjàlá ní tirẹ̀ dà bí aládùúgbò tó ń sá fún olówó èlé: èèyàn lè bá a san gbèsè, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́, ẹni tí orí rẹ̀ kò sì jiná ṣì lè fi ẹbọ àti iṣẹ́ ọwọ́ tún un ṣe. Ọbàtálá pàápàá mu ẹmu yó kó tó mọ afín àti abuké, ẹni òrìṣà la sì sọ wọ́n dà. Ẹni tó lè fi àṣìṣe ẹlẹ́dàá rẹ̀ rẹ́rìn-ín kò ní ìdí láti sá kúrò láyé. Babaláwo ń wádìí ohun tí a kúnlẹ̀ yàn kí a lè rí owó, aya, ọmọ àti àìkú níhìn-ín. Onígbàgbọ́ Gnostic ń rántí kó lè máa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gnostic ti súnmọ́ra jù lójú mi kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ifá rárá. Ògèrè ní Rẹ́mọ ni. Láti ọdún 1925 ni Josiah Olúnòwò Ọ̀ṣítẹ̀lú, katikíìsì Áńgílíkà, ti ń ríran, ó sì ń kọ àwọn ìran náà sílẹ̀. Orúkọ mímọ́ tí etí kò gbọ́ rí, èdìdì, àti irú ìkọ̀wé kan tí kì í ṣe ABD wà nínú ohun tó gbà. Ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní 1930. Nígbà tó di 1931, àwọn aṣáájú ìjọ aládùúrà Faith Tabernacle pínyà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn orúkọ yìí sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ fi wé Ìwé Jeu méjèèjì, ìwé àwọn Gnostic tó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ tí James Bruce rà ní Íjíbítì tó sì wà ní Oxford lónìí: èdìdì àti orúkọ ńkọ́, wọ́n kún ibẹ̀ bámú. Ṣùgbọ́n òkú ló ń lo ti Jeu, láti fi kọjá níwájú àwọn oníbodè ojú ọ̀run. Irenaeus náà sọ pé àwọn kan ń kọ́ ẹni tó ń kú lọ́rọ̀ tí yóò sọ fún wọn. Alààyè ló ń pe ti Ọ̀ṣítẹ̀lú, nítorí àìsàn, nítorí àgàn, nítorí àjẹ́. Mo mọ ohun tó ba àwọn aṣáájú 1931 lẹ́rù, nítorí orúkọ àjèjì kì í pẹ́ di ọfọ̀. Síbẹ̀ mi ò rò pé ọkùnrin Ògèrè náà kúrò nílé baba rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

Ìran ìsinsìnyí ló ti kúrò. Ní Mende, lẹ́yìn Maryland ní Èkó, bí ó ti rí káàkiri Kosofe, ẹni tó bá lọ sí ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì yóò gbọ́ pé ayé ti jí ìràwọ̀ ẹnì kan gbé, ayé ti de ògo rẹ̀ mọ́ ìdí igi, àfi kí wòlíì ríran sí ibi tí wọ́n dè é sí. "Ayé" nínú àdúrà yìí ti di ọ̀tá tó ń deni mọ́lẹ̀, bí àwọn aláṣẹ tó wà lábẹ́ Yaldabaoth gan-an. Wọ́n mú un le ju bí àwọn baba wa ṣe mú un lọ. Ọwọ́ ara wọn ni Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè fi mú orí tí kò jiná. Ní ìṣọ́ òru, ọrùn olè ni gbogbo ẹ̀bi wà, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yàn. Ìyẹn ni mo kà sí àdánù nínú ọ̀rọ̀ náà, ju pé ó jọ ẹ̀kọ́ àdámọ̀ kan láti Íjíbítì.

Àmọ́ ìjọra náà kò délẹ̀. Lójú àwọn Gnostic, ìràwọ̀ gan-an ni wọ́dà ẹ̀wọ̀n: àwọn aláṣẹ tó wà nínú wọn ló fi kádàrá so èèyàn mọ́lẹ̀. Ní Mende, ìràwọ̀ ni ẹrù tí olè gbé lọ, olówó ẹrù sì ń fẹ́ ẹ padà. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ìwé Nag Hammadi bá jí dìde tó sì jókòó láàárín àwọn alámìn ní agogo méjì òru, á kọ́kọ́ rò pé òun ti délé, títí wọn yóò fi dé orí ohun tí wọ́n ń tọrọ gan-an: fisà, ọmọ ọkùnrin, ilẹ̀ ní Magodo. Kí Ọlọ́run gbà wọ́n lọ́wọ́ ayé, kí wọ́n lè jayé.