Máàpù Ìrìnàjò Láti Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó gbé jáde ní 1938, Àkàrà-Oògùn ọdẹ kò dá lọ sí Òkè Lángbòdó tí ọba rán an. Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn bá a lọ, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hùn-iyọ̀ akọrin, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ tafàtafà, Ẹlẹ́gbèdé-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, àti Arámàdà-ọkùnrin. Olúkúlùkù wọn ló ní ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ kò lè ṣe. Ọdún 36 lẹ́yìn náà, ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn ènìyàn jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan ń darí ìtàn, àwọn yòókù ń jẹ́ akọni inú rẹ̀, dáìsì sì ń dá ẹjọ́ ohun tí ẹnu kò lè parí. Ẹni tó bá fẹ́ràn Fágúnwà kò ní ṣe àjèjì nídìí irú eré bẹ́ẹ̀.

Lónìí, tábìlì náà ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Roll20, ètò orí kọ̀ǹpútà fún irú eré yìí, dé ní 2012, Foundry tó jọ ọ́ dé ní 2020, ẹni tó jókòó ní Òkìtìpupa sì lè bá ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣeré lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yìn níbẹ̀ ni ti ẹni tó ń tọ́jú ìrìnàjò sílẹ̀ kí àwọn eléré tó dé.

Àwòrán ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà, bí àṣá ṣe ń rí i láti òkè. Yóò fi ìlà pín in sí àwọn ojú onígun mẹ́rin; nínú Dungeons & Dragons, ojú kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló kan ògiri. Ìlà ni ògiri yìí, eléré kò ní rí i, ṣùgbọ́n òun ló ń dí i lójú: ọmọ ayò, ìyẹn àwòrán kékeré tó dúró fún akọni eléré, tó bá dúró níta kò ní mọ ohun tó wà nínú yàrá àfi bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Iná náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà parí sí ni ojú eléré parí sí. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí. Ẹni tó mọ ọ́n ṣe máa ń lo àkókò lórí ohun tó ń fi pamọ́ ju èyí tó ń fi hàn lọ.

Igbó ilẹ̀ òtútù àti ilé olódi olókùúta ló pọ̀ jù nínú àwọn máàpù tí à ń rí. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òkìtìpupa wà, tó fi ya máàpù bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo abúlé kan létí odò Olúwa lóru. Láti òkè, orí ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ hàn, imọ̀ wọn wọnú ara wọn. Lẹ́yìn wọn ni àbàtà wà, tí igi ògùrọ̀ dúró sí nínú omi dúdú. Ọkọ̀ onígi méjì wà ní èbúté, wọ́n so wọ́n mọ́ èèkàn. Lẹ́yìnkùlé kan, wọ́n to púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe roboto-roboto sórí pẹpẹ, iná igi ń jó lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ. Ẹ jẹ́ kí iná yẹn nìkan jẹ́ ìmọ́lẹ̀ gbogbo máàpù náà: kó pọ́n, kó máa gbọ̀n díẹ̀, kó má kọjá ojú mẹ́rin. Eléré yóò rí ẹsẹ̀ pẹpẹ, yóò rí èéfín, kò sì ní rí ẹni tó lúgọ sẹ́yìn igi ògùrọ̀. Bó bá fẹ́ sáré, àbàtà yóò dá a dúró, nítorí òfin eré náà ni pé ní ilẹ̀ tó ṣòro rìn, ẹsẹ̀ bàtà kan a di méjì.

Ọ̀rọ̀ tí adarí eré yóò kà sókè kò gbọdọ̀ gùn. Kó sọ òórùn ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan, kó sọ ìró àjẹ̀ lójú omi, kó dákẹ́. Àwòrán náà kò sì gbọdọ̀ wúwo, torí dátà wọ́n, iná mànàmáná sì ti ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Òkìtìpupa fún ọ̀pọ̀ ọdún; ẹ sọ ọ́ di fáìlì WebP kó lè fúyẹ́.

Ní ti àwọn iwin tí yóò wà nínú máàpù, ẹ wo àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà sínú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé Fágúnwà ní 1968. Onobrakpeya kò lọ yá dírágónì ilẹ̀ Yúróòpù wá. Iwin Àgbákò olójú 16 tó ti wà nínú ìtàn Fágúnwà tó iṣẹ́ fún ayàwòrán. Ṣùgbọ́n òrìṣà Ayélála, tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń bọ, tí wọ́n sì ń fi búra títí dòní, kì í ṣe ohun tí a ń sọ di ọmọ ayò kí eléré máa fi dáìsì lù ú. Mo gbà pé ó yẹ ká fi í sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, ká sì dá iwin tiwa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkálẹ̀ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágu ní Òkìtìpupa, iṣẹ́ yìí ń dúró dè yín. Ẹ lọ sí èbúté, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì yà á. Ẹ fi Yorùbá kọ ìtàn rẹ̀.