Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ìwé Ni Wọ́n Tẹ̀ Lé, Kì í Ṣe Ọ̀yọ́

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú àwọn fíìmù tí wọ́n fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ṣe, Ẹlẹ́ṣin Ọba ni n ó mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ní ẹjọ́ í bá a rò.

Biyi Bándélé ló darí rẹ̀, EbonyLife ti Mo Abudu ló gbé e jáde. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni Bándélé kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Toronto, ó sì dé orí Netflix nínú oṣù Kọkànlá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìn-ín-ní wàjà lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1944. Jinadu, Olókùn Ẹṣin, ni abọ́bakú. Láti abúlé Ìkòyí ló ti wọ Ọ̀yọ́ lóṣù Kìíní ọdún 1945, aṣọ funfun lọ́rùn, tó ń jó láàárín ìgboro lọ sílé Baṣọ̀run. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ gbọ́, ó ní kí wọ́n mú un tì mọ́lé. Mùránà, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló kú dípò bàbá.

Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe eré, Ọba Wàjà, ní 1964. Ṣóyinká gbé tirẹ̀ jáde ní 1975, òun sì ni ìwé tí fíìmù yìí tẹ̀ lé. Ọdún 1946 ló kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó ní òun fà á sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sí àsìkò ogun Hítílà. Ẹ ò rí nǹkan, àsìkò ogun náà ló kúkú ṣẹlẹ̀!

Ibi tí Bándélé ti mú un dáadáa ni ọjà. Yorùbá gidi ló ń jáde lẹ́nu wọn níbẹ̀. Ọdúnládé Adékọ́lá tó ṣe Ẹlẹ́ṣin ń yan bọ̀, Brymo tó ṣe Olóhùn-Iyọ̀ ń kì í, àwọn obìnrin ń ṣí ìborùn fún un, èèyàn á sì gbà pé ọkùnrin yìí ti tó lọ. Ibòmíràn tí kò ṣeé gbójú fò ni ti Sájẹ́ǹtì Amúsà, tí Jídé Kòsọ́kọ́ ṣe. Ó wá jíṣẹ́ fún ajẹ́lẹ̀, ó bá òun àtìyàwó rẹ̀ nínú ẹ̀kú eégún tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ijó. Mùsùlùmí ni Amúsà, ọlọ́pàá ìjọba sì ni, síbẹ̀ kò jẹ́ bá ẹni tó wọ aṣọ ará ọ̀run sọ̀rọ̀ ikú. Òyìnbó rò pé òpè ni. Ta ni òpè níbẹ̀?

Ẹjọ́ tèmi wá rèé. Orí ìtàgé kò gba abúlé àti ọ̀nà jíjìn. Kámẹ́rà gbà á. Láti ọjọ́ tí ọba ti wàjà títí Jinadu fi wọ̀lú, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Báwo ló ṣe ń sùn? Ta ló ń yọjú sí i? Kí ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ? Bándélé ò débẹ̀ rárá, torí ìwé ò débẹ̀. Ìyàwó tí Ẹlẹ́ṣin rí lójú ọjà, tí Ṣóyinká fi sínú eré, ló wá gba gbogbo ẹ̀bi. Nínú ìwé, èrò ọkàn Ẹlẹ́ṣin pọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ obìnrin kò fi lè dá nìkan dúró. Nínú fíìmù, alágbèrè tó gbàgbé iṣẹ́ ló kù sójú wa, ìran àtìmọ́lé sì wá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti ọmọ náà ńkọ́? Ọlúndé tí Déyẹmí Ọkánlàwọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ládiípọ̀ jẹ́ oníṣòwò tó ti Gold Coast dé. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ló rán ọmọ lọ sẹ́yìn odi kó tó wá kú nílé. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó ti ríbòmíràn, a ò ní sọ pé àìmọ̀kan ló pa á. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n rí Mùránà fúnra rẹ̀, láìsí irú iyàn tí Ọlúndé ń bá ìyàwó ajẹ́lẹ̀ jà.

Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó lọ wò ó, kó tún ìran ọjà yẹn wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé kámẹ́rà lé ìtàn yìí lẹ́yìn Bándélé, Ìkòyí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.