Ọpọ́n tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́

Bí a bá gbé obì síwájú àlejò, ojú kọ́ ni àlejò fi ń jẹ ẹ́. Yóò na ọwọ́ ni. Ohun tó mú mi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyẹn, nítorí mo ti wo àwòrán ọpọ́n ọlọ́mọrí kan títí, ọwọ́ mi ni kò balẹ̀.

Washington ní Amẹ́ríkà ni ọpọ́n náà wà, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà ti Smithsonian. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ń jó lórí ọmọrí. Nísàlẹ̀, àwọn ère kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n rù. Títí dé ibí, agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn: orí ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ṣeé yọ jáde, bẹ́ẹ̀ igi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àárín àwọn ère ni Ọlọ́wẹ̀ ti ki irin bọ̀ ọ́, tó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí orí fi já. Bí irin bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí náà nìyẹn!

Àwọn kan á ní àṣehàn ni. Lóòótọ́, iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ débi pé ibi tí ọwọ́ á ti dì í mú ṣòro rí. Obì mélòó ló tilẹ̀ lè gbà? Àwo obì ìyá àgbà mi kò ní ère kankan, ọwọ́ àlejò ló sọ etí rẹ̀ di dídán. Síbẹ̀, èmi ò gbà pé àṣehàn ni. Ohun tí à ń gbé ni ọpọ́n. Bí ẹ bá gbé èyí láti yàrá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí yẹn kò ní ṣàì kan igi, àlejò á gbọ́ ọ kó tó rí obì. Ní Washington, ó dúró jẹ́ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ kan náà gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò padà wálé. British Museum gbà á, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba dípò. Ògògà jókòó lára rẹ̀, wọ́n gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀ wá kí i. Ilẹ̀kùn ni o, ẹnikẹ́ni ò sì gba ibẹ̀ wọlé mọ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni olùtọ́jú ilé Washington yẹn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, màá ní kí ẹnì kan rọra gbé ọpọ́n náà rìn yí iyàrá ká, kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́, ká gbọ́ orí yẹn.