Aró tàbí Àbàwọ́n? Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Èdè-Ìperí fún Rírẹ Sẹ́ẹ̀lì ní Yàrá Àyẹ̀wò

Ìfáàrà

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ èdè-ìperí mu wẹ́kú, nítorí pé orúkọ tí wọ́n bá fún ohun kan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1970 tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti hàn gbangba pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì lànà fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ti yàrá àyẹ̀wò, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò: kí ni ó yẹ kí Yorùbá máa pe fífi àwọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì lára kí ojú lè rí i lábẹ́ maikirosikóòpù? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé “àbàwọ́n”, tí ó máa ń tètè wá sí ẹnu ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, stain, kò tọ́. Pé èdè àwọn aláró ni ó bá a mu. Àti pé ìyàtọ̀ náà kan ìlera ènìyàn.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Ní Mowé àti Ìbàfò tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ifọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, kò ṣàjèjì kí wọ́n ní kí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe kì í sábà yé ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí wọn kò fi nǹkan kan sí i, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò ní àwọ̀ tó pọ̀. Ó ṣòro kí ojú tó dá kòkòrò ibà mọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1904, Gustav Giemsa, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé àpòpọ̀ àwọ̀ búlúù àti pupa kan jáde tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bí wọ́n bá pò ó ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta, ó tó ìṣẹ́jú 45. Kókó inú kòkòrò náà a pọ́n, ara rẹ̀ a sì di búlúù.

Ṣáájú Giemsa ni Hans Christian Gram ti ilẹ̀ Denmark ti gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní ọdún 1884, èyí tí ó pín bakitéríà sí ọ̀nà méjì: èyí tó di àwọ̀ àkọ́kọ́ mú nígbà tí wọ́n fi ọtí fọ̀ ọ́, àti èyí tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ti kòkòrò ikọ́ ife, bí àwọ̀ pupa bá ti wọ̀ ọ́ lára, ásíìdì kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Òkú ni sẹ́ẹ̀lì nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ọ̀nà mìíràn wà fún alààyè. Paul Ehrlich fi methylene blue rẹ iṣan ìmọ̀lára tó ṣì wà láàyè ṣáájú ọdún 1890. Ní òde òní, àwọn onímọ̀ a máa lo trypan blue láti mọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú: òkú a gba àwọ̀ náà, alààyè a kọ̀ ọ́. Ti neutral red yàtọ̀ sí èyí. Alààyè ni ó ń fà á mọ́ra, tí ó sì ń kó o pamọ́ sínú ara rẹ̀.

Àléébù tó wà nínú “àbàwọ́n”

Epo tó ta sí aṣọ funfun ni àbàwọ́n. Nínú Bíbélì Yorùbá, ẹran tó bá ní àbàwọ́n kò yẹ fún ẹbọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni. Kò ní oníṣẹ́, kò sì ní ète. Àléébù àkọ́kọ́ nìyí. Èkejì ni pé àbàwọ́n kì í yan ibi tí yóò bà sí, nígbà tí àwọ̀ inú yàrá àyẹ̀wò ń wọ ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Yàrá àyẹ̀wò ní àbàwọ́n tirẹ̀ ní ti gidi. Bí Giemsa bá ti pẹ́ jù, bí wọn kò bá sẹ́ ẹ, tàbí bí gíláàsì bá dọ̀tí, èérún àwọ̀ a dì sórí ẹ̀jẹ̀, ojú tí kò mọṣẹ́ sì lè pè é ní kòkòrò ibà. Ẹni tí ibà kò ṣe yóò wá máa lo oògùn ibà, àìsàn tó ń ṣe é gan-an yóò sì máa jà lábẹ́lẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti pe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní àbàwọ́n, ọ̀rọ̀ wo ni yóò fi kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa èérún yìí? Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì. Kò di dandan kí Yorùbá jogún ìdàrúdàpọ̀ náà.

Èdè aláró

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ́n ní agbègbè tí Ifọ̀ wà, nítorí pé Abẹ́òkúta, ìlú àdìrẹ, kò jìnnà sí i. Orúkọ àdìrẹ fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń wá lọ́wọ́: dì, kí o sì rẹ. Aláró mọ aṣọ tó mu aró àti èyí tí kò mu ún, ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ń rì í, ó sì mọ èyí tí yóò ṣí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ tó dára: ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ ya, aró kò wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe ń dènà trypan blue.

Síbẹ̀, ó yẹ kí lámèyítọ́ tọ́ka sí ibi tí àfiwé náà kù sí. Ènìyàn ni ó fi ẹ̀kọ sára aṣọ. Sẹ́ẹ̀lì ni ó ni awọ ara rẹ̀. Bákan náà, ẹlòmíràn lè sọ pé aró tó ti ara èlú wá kò lè dúró fún àwọ̀ pupa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n “rẹ” kò dè mọ́ àwọ̀ kan. Ní ọdún 2005 pàápàá, ìwádìí kan jáde nínú African Journal of Biotechnology lórí fífi oje igi osùn rẹ ẹran ara fún àyẹ̀wò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni àmì ohùn: “rẹ” ti aláró kì í ṣe “rẹ̀” ti àárẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Èdè-ìperí tí iṣẹ́ yìí dábàá ni “rírẹ sẹ́ẹ̀lì” fún iṣẹ́ náà, “rírẹ láàyè” fún ti sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì kú, “aró” fún èròjà tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́, àti “àbàwọ́n” fún èérún tó ń tan ojú jẹ nìkan. Pẹ̀lú ìpín yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè bi ara rẹ̀ nídìí maikirosikóòpù pé: ṣé aró ni èyí, àbí àbàwọ́n? Èsì tí ó bá fún ara rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ẹni tó jókòó síta ní Mowé tàbí Ifọ̀ yóò gba oògùn tó tọ́ sí i.